Èènì ti kúrò nínú kóńgò: ibi tí ètò oúnjẹ wa ti ń jò

Ẹni tó bá mọ ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn dáadáa kò nílò ìwé ìjọba kó tó mọ bí nǹkan ṣe rí. Kóńgò ni kó wò. Tẹ́lẹ̀, bí ìyá oníẹ̀wà bá ń wọn ẹ̀wà, á rọ ọ́ sínú kóńgò títí yóò fi ṣe ṣóńṣó lórí, á fi ọwọ́ kejì ká a mọ́ kó má baà dà nù. Bó bá dà á sínú ọ̀rá tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èyí tó bù gbẹ̀yìn yẹn ni èènì. Ní 2024, mo dúró níwájú ìsọ̀ ìyá kan tí mo ti ń bá rajà fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ó rọ ẹ̀wà sínú kóńgò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dà á sínú ọ̀rá, ó so ó. Mo ní, "Ìyá, èènì mi dà?" Kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá fún ẹ léènì, kí lèmi á gbé délé?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sanwó.

Àwọn àgbà wa ti so ebi àti ìṣẹ́ pọ̀ tipẹ́: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìṣirò gbè wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí àjọ NBS, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, wo ìnáwó àwọn ìdílé ní 2019, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ìdílé bá ná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó náírà 57 tó ń bá oúnjẹ lọ. Ilé tó bá ń ná ju ìdajì owó rẹ̀ sórí oúnjẹ, bí gàrí bá fi díẹ̀ gbówó lórí, ibòmíràn ni wọ́n á ti yọ ọ́: owó ilé-ìwé, owó oògùn, owó bàtà ọmọ. Nítorí náà, mi ò mọ bí a ṣe ń kọ ètò ìdínkù òṣì sínú ìwé kan, ká tún lọ kọ ètò oúnjẹ sínú ìwé mìíràn, kí ìwé méjèèjì má sì mọra wọn.

Iye àwọn tálákà tí ìjọba ń kà náà, ó yẹ ká tú u wò díẹ̀, torí lórí rédíò wọ́n máa ń lú u pọ̀. Ní oṣù karùn-ún 2020, NBS gbé èsì ìwádìí 2019 jáde. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ lọ́dún kò bá tó náírà 137,430 ni wọ́n kà sí tálákà, wọ́n sì ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 83. Ẹ pín owó yẹn sí ọjọ́ 365, nǹkan bíi náírà 376 ló máa bọ́ sí lójúmọ́. Ní oṣù kọkànlá 2022, wọ́n tún mú òṣùwọ̀n mìíràn wá. Èyí kò béèrè iye owó tí èèyàn ń ná. Ó béèrè bóyá ọmọ ń lọ sílé-ìwé, bóyá omi wà nítòsí, igi ni wọ́n fi ń dáná àbí gáàsì, ṣé iṣẹ́ wà, ṣé ara le. Ẹni tí púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni tálákà. Lórí òṣùwọ̀n yẹn, mílíọ̀nù 133 ni wọ́n kà, 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe pé àádọ́ta mílíọ̀nù èèyàn ṣàdédé di tálákà láàárín ọdún méjì ààbọ̀. Kóńgò ni wọ́n pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà ni 2023 dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu bọ̀ láti Benue, epo ló ń mu. Ajílẹ̀ àti oògùn tí wọ́n ń fín sí oko, dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n wọlé. Ẹ fi èyí kún ti àwọn ajínigbé tí kò jẹ́ kí àgbẹ̀ wọ oko ní Zamfara, Niger àti Benue. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2024, NBS ní oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí ju bó ṣe wà lóṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú. Oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni àwọn aṣọ́bodè ta ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́ ní Yaba l'Ékòó, àpò kílò 25 ní náírà 10,000. Èrò tó wá pọ̀ débi pé àwọn kan kú mọ́ ẹsẹ̀ àwọn yòókù. Wọn ò sì bá ti ọ̀fẹ́ lọ o. Owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fẹ́ rà á ni.

Ẹni tó bá sì sọ pé 2023 ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀. Láti oṣù kẹjọ 2019 ni wọ́n ti ti ẹnubodè ilẹ̀, ará Sèmè àti Ìdìrókò mọ̀ bó ṣe rí lára àwọn. Ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, iye ìrẹsì kò sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́jà, ká gba oko lọ. Mo ní bàbá kan, àbúrò bàbá mi ni, tó ń dáko àgbàdo ní Òkè-Ògùn. Nígbà tí àwa ará Ìbàdàn ń ké ní 2024 pé àgbàdo ti wọ́n jù, ọkàn tiẹ̀ balẹ̀. Owó tó rí níbẹ̀ ló fi tún òrùlé ṣe. Ó wá yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, ó ra ajílẹ̀ lówó gọbọi, ó fẹ oko sí i ní 2025. Kó tó kórè, ọjà ti tẹ́. Àgbàdo àti ìrẹsì dínwó káàkiri ní 2025, ní àwọn ọjà kan ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Alárọ́bọ̀ tó gbé ọkọ̀ wá sétí oko dá iye tó wù ú lé e. Bàbá wa wo àgbàdo tí kòkòrò ti ń yọjú nínú rẹ̀, ó wo gbèsè ọrùn rẹ̀, ó tà á. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìyá oníẹ̀wà mi ní Bódìjà ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti ń dá sí i. Ìròyìn kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì gbọ́.

Ibí yìí gan-an ni ètò wa ti ń jò. Ìwé ètò tó bá ní kí oúnjẹ ṣáà pọ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Oúnjẹ tó pọ̀ lápọ̀jù lóṣù kẹsàn-án lè ti àgbẹ̀ sínú gbèsè. Oúnjẹ tó tán lóṣù kẹfà, ará ìlú ni yóò pebi mọ́nú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò tún mọ̀ ni pé àgbẹ̀ kan náà ló wà níbi méjèèjì. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, oúnjẹ tí wọ́n ń rà lọ́dún ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Wọ́n ń tà nígbà tí kò lówó lórí torí gbèsè àti kòkòrò, wọ́n ń padà wá rà nígbà tó bá wọ́n.

Àwọn baba wa mọ èyí ni wọ́n fi ń kọ́ àká. Àká ọkà kì í fara kan ilẹ̀, orí òpó ló ń wà. Wọ́n á máa dáná sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí èéfín lé kòkòrò. Àgbàdo tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, òkè àjà ilé ìdáná ni wọ́n máa so ó kọ́ sí, yóò dúdú fún èéfín, kòkòrò ò ní fẹnu kàn án.

Àká ìjọba, iṣẹ́ kan náà ló yẹ kó máa ṣe fún gbogbo ìlú. Nígbà ìkórè, bí ọjà bá ti fẹ́ tẹ́, ìjọba á wọ ọjà, á rà ní iye tí àgbẹ̀ kò ní fi pàdánù. Tó bá di oṣù kẹfà sí ìkẹjọ tí àká ilé ti gbẹ, ìjọba á ṣílẹ̀kùn, á tà. Rírà náà kì í jẹ́ kí iye já lulẹ̀, títà náà kì í jẹ́ kó fò sókè. Kò sí idán níbẹ̀, àmọ́ ó le láti ṣe. Owó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè gan-an, torí àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè kò lè dúró de ìwé àṣẹ láti Abùjá. Iye tí ìjọba máa rà á gbọ́dọ̀ jáde kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí àgbẹ̀ lè fi pinnu ohun tó máa gbìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa kó ti ọdún tó lọ jáde kí tuntun tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò ni wọ́n ń fi owó ìlú bọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sí lápò olóṣèlú, torí ọdún ìbò ni irú àká bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí fúnra rẹ̀.

Nínú ìwé, Nàìjíríà ní irú àká yìí. Sáìlò 33 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ káàkiri, àpapọ̀ wọn sì lè gba ọkà tó lé ní tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 1.3. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fà lé àwọn oníṣòwò aládàáni lọ́wọ́. Ní oṣù kejì 2024, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti jáde sí títì ní Minna nítorí ebi, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kó tọ́ọ̀nù 42,000 ọkà jáde látinú èyí tó wà nípamọ́. Ó dún bí nǹkan ńlá létí. Ẹ jẹ́ ká pín in. Kílò mílíọ̀nù 42 ni. Ká sọ pé mílíọ̀nù 220 ni wá, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá kan nínú ìdá márùn-ún kílò kan. Agolo mílíìkì kan, kó fi díẹ̀ lé. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan.

A kì í ṣe ìlú tí kò ní ètò rí. Ètò la ní jù. Ètò ìdàgbàsókè àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní 1962, mẹ́ta mìíràn sì tẹ̀ lé e títí di 1985. Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dìde, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko lákòókò ìsinmi. Àwọn tó dàgbà nígbà náà ṣì ń rántí orin rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Shagari dé, ó ní Green Revolution ni tòun, 1980 nìyẹn. Babangida dé, ó dá DFRRI sílẹ̀ ní 1986 fún ọ̀nà àti omi ìgbèríko. Ẹni tó bá dé á fi orúkọ tuntun lé e, á ṣe pátákó tuntun, mọ́tò tuntun á wọlé. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di igbó.

Ohun kan wà láàárín ìtàn yìí tí a kì í sábà sọ. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ méje sílẹ̀ tí yóò máa ra irè oko: ti kòkó, ti ẹ̀pà, ti òwú, ti epo, ti rọ́bà, ti ọkà, ti iṣu àti ẹ̀gẹ́. Ti ọkà àti ti ẹ̀gẹ́ yẹn gan-an ni irú àká tí mò ń wí. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lò. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba Babangida, dé ní 1986, wọ́n pa gbogbo wọn rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó sunkún, mo sì mọ ìdí. Ìrírí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ní pẹ̀lú irú àjọ bẹ́ẹ̀ láti ayé òyìnbó ni pé ó máa ń ra kòkó wọn ní iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé, ìjọba á sì kó èrè náà. Òótọ́ ni pé owó yẹn wà lára ohun tó kọ́ ilé-ìwé fún wa, àmọ́ àgbẹ̀ tó gbin kòkó náà mọ iye tí wọ́n yọ lápò rẹ̀. Ogun Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, owó orí nìkan kọ́ ló fà á, iye kòkó wà níbẹ̀. Wọ́n jà títí ìjọba fi sọ owó orí di £2 lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ dá àjọ arajà padà lónìí, kó kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ wọn lóhùn: ta ni yóò máa dá iye, ta ni yóò sì máa ka owó?

Lẹ́yìn ìgbà ológun, àwọn ètò náà ń gùn sí i. NEEDS, ètò ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé, jáde ní 2004. Vision 20:2020 tẹ̀ lé e, èyí tó ní a ó wà lára ogún orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù lọ lágbàáyé nígbà tó bá di 2020. Ọdún náà dé, àrùn kòrónà ló bá wa nílé. Ní 2019, Ààrẹ Buhari ṣèlérí pé mílíọ̀nù 100 èèyàn ni yóò kúrò nínú ìṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ètò 2021 sí 2025 tí ìjọba rẹ̀ gbé jáde ní kí mílíọ̀nù 35 kúrò nínú ìṣẹ́ kí 2025 tó parí. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ebi ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń pe ìwádìí wọn ní Cadre Harmonisé, gbé tiwọn jáde ní ìparí 2024: ní oṣù kẹfà sí ìkẹjọ 2025, mílíọ̀nù 33.1 ọmọ Nàìjíríà ni ebi máa mú gidi. Ọdún kan náà, iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó yẹ kó bọ́, èkejì jẹ́ ti àwọn tó wà níbẹ̀.

Ìjọba tó wà lórí oyè báyìí mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2023, wọ́n kéde ipò pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nínú ohun tí wọ́n kà lọ́jọ́ náà ni pé àwọn á dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ iye oúnjẹ lọ́jà, tí yóò sì máa tọ́jú oúnjẹ pamọ́ láti fi mú iye rẹ̀ dúró. Àká nìyẹn o, wọ́n kàn fún un lórúkọ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejì 2024, Ààrẹ sọ fún àwọn gómìnà pé òun kò ní dá àjọ adíyelé sílẹ̀, òun kò sì ní gbà kí wọ́n kó oúnjẹ wọlé láti òkè òkun. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, igbákejì rẹ̀, Kashim Shettima, tún ń sọ̀rọ̀ àjọ tí wọ́n ṣèlérí yẹn. Nígbà tó di oṣù keje, mínísítà fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, Abubakar Kyari, kéde pé fún ọjọ́ 150, ẹni tó bá kó àgbàdo, ẹ̀wà, àlìkámà àti ìrẹsì tí wọn ò tíì bó tán wọlé kò ní sanwó ibodè.

Mi ò ní gbígba oúnjẹ wọlé burú. Ebi ń pa èèyàn lóṣù keje, ohun tó máa ṣe é lóṣù keje ni kí ìjọba wá. Ṣùgbọ́n ẹ fi kàlẹ́ńdà oko wò ó. Àgbẹ̀ gbọ́ lóṣù kejì pé oúnjẹ òkèèrè kò ní wọlé. Òjò rọ̀ lóṣù kẹrin, ó gbìn, ó yáwó sí i. Ó ku díẹ̀ kó kórè, wọ́n ní bodè ti ṣí. Àwọn aṣọ́bodè kò fi ìlànà rẹ̀ síta títí di oṣù kẹjọ, nígbà tí àgbàdo tuntun ti ń wọ ọjà. Ọjà tó tẹ́ ní 2025 kì í ṣe ẹ̀bi àṣẹ yẹn nìkan: náírà dúró lójú kan, àwọn tó fẹ oko sí i nítorí iye ọdún tó ṣáájú sì pọ̀. Ohun tí àṣẹ náà bà jẹ́ ju iye lọ. Àgbẹ̀ ti mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ ìjọba ní oṣù kejì kò ká oṣù keje.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ètò Anchor Borrowers, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kebbi ní oṣù kọkànlá 2015. Báńkì àpapọ̀ ló yá àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti owó, wọ́n sì so wọ́n mọ́ àwọn onílé-iṣẹ́ tí yóò ra irè náà lọ́wọ́ wọn. Èrò rẹ̀ dáa. Owó tó bá a lọ lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ọ̀pọ̀ nínú owó náà kò padà wálé: àwọn kan ní irúgbìn pẹ́ kó tó dé, omíyalé gbé ti àwọn mìíràn lọ ní 2022, àwọn mìíràn sì rò pé ìpín tiwọn nínú owó epo rọ̀bì ni. Ní oṣù kìíní 2022, wọ́n to àpò ìrẹsì jọ bí òkè n'Ábùjá, Ààrẹ Buhari lọ ṣí i, gbogbo wa rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta ìrẹsì, mo ní ó yẹ kó dínwó báyìí. Ó fi ẹ̀rín ránṣẹ́ padà sí mi. Ohun tí wọ́n tò kí ayé lè rí i, kì í ṣe ohun tí wọ́n tọ́jú pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n. Ní ìparí 2023, àwọn ọ̀gá tuntun ní báńkì àpapọ̀ ní àwọn á fà sẹ́yìn nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí a bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti so oko mọ́ ìkòkò, Bràsíìlì ni kí a yà sí. Ní oṣù kìíní 2003 ni Ààrẹ wọn, Lula, gbé ètò Fome Zero dìde, ìyẹn kí ebi di òdo. Ọdún yẹn kan náà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ra irè oko lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ń pín in fún àwọn aláìní. Ní 2009, wọ́n wá ṣòfin kan tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ bá fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé, ó kéré tán 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ ti irè tí wọ́n rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kéékèèké. Ẹ ro ó wò. Ọmọ ilé-ìwé kì í gbààwẹ̀, oṣù dé oṣù ló ń jẹun. Àgbẹ̀ tó wà létí ìlú mọ̀ kó tó gbé ọkọ́ pé ẹni kan wà tó máa ra ẹ̀wà òun, iye ọmọ tó wà nílé-ìwé náà kò sì ní yí padà nítorí pé ọjà tẹ́. Ikùn ọmọ di àká.

Ní 2014, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, yọ Bràsíìlì kúrò lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ebi ń bá jà. Kì í ṣe pé wọ́n ti bọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ààrẹ mìíràn, Bolsonaro, dórí oyè ní oṣù kìíní 2019, ó pa ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ́. Kòrónà tún wá bọ́ sí i. Ní 2022, àwọn olùwádìí ìlú náà ka mílíọ̀nù 33 èèyàn tí ebi ń pa, nínú ìlú tó ń ta sóyà fún gbogbo ayé. Lula padà, ìgbìmọ̀ náà padà ní 2023, FAO sì tún yọ wọ́n kúrò lóṣù keje 2025. Láàárín gbogbo wàhálà yẹn, òfin 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti ilé-ìwé kò kúrò nínú ìwé òfin. Ààrẹ kan kò lè jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó pa á rẹ́.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ní 2012, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti ń fi ẹyin, ẹja àti adìyẹ bọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé-ìwé, wọ́n sì ń ra nǹkan wọ̀nyẹn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́sìn àti àgbẹ̀ ibẹ̀. Àwọn olóúnjẹ, ìyá àdúgbò ni wọ́n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016 fún ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta, ti Ọ̀ṣun wà lára ohun tí wọ́n wò kọ́. Náírà 70 ni wọ́n dá lé oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́. Ní oṣù kìíní 2024, nígbà tí ẹjọ́ owó bẹ́ sílẹ̀ níbi ètò ìrànwọ́ aráàlú, wọ́n dá ti oúnjẹ ọmọ náà dúró pẹ̀lú àwọn yòókù. Àṣẹ kan ṣoṣo láti Abùjá ni. Adìyẹ tó ń yé ẹyin kò gbọ́ àṣẹ náà, ó ṣì ń yé, ọlọ́sìn ni kó mọ ibi tó máa gbé ẹyin gbà.

Ti owó ìsúná kò gùn. Níbi ìpàdé wọn ní ìlú Maputo ní 2003, àwọn olórí Áfíríkà, tiwa náà wà níbẹ̀, ṣèlérí pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìsúná wọn á máa lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n tún un sọ ní Malabo ní 2014. Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀ lọ́dún kankan. Síbẹ̀, kì í ṣe ìdá mẹ́wàá yẹn ni mò ń kọ́kọ́ wò bí ìsúná bá jáde. Ibi tí wọ́n bá kọ owó irúgbìn àti katakata sí, kì í ṣòro láti rí, torí katakata ṣeé yà ní fọ́tò. Mo máa ń wá owó tí wọ́n fi máa ra irè lóṣù kẹsàn-án, owó tí wọ́n fi máa tún ọ̀nà oko ṣe, àti bí wọ́n ṣe máa mú kúrò lọ́nà àwọn tó ń na okùn dí títì láàárín Ṣakí àti Ìbàdàn, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ àgbàdo. Owó okùn yẹn náà, inú kóńgò ló ń bọ́ sí.

Ètò 2021 sí 2025 ti dé òpin. Òmíràn á tún jáde láti 2026, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Mo pe bàbá wa ní Òkè-Ògùn láti béèrè ohun tó ń retí níbẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní òun ti dín àgbàdo kù, èyí tí ilé máa jẹ àti èyí tí òun máa so kọ́ òkè àjà ni òun gbìn. Gbogbo ilẹ̀ tó kù, ẹ̀gẹ́ ló kún un. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gẹ́. Ó ní ẹ̀gẹ́ kì í wá sáìlò kiri: bí ọjà bá tẹ́, òun á fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.